Àwòrán Nàgó, Ohùn Faransé: Èdè Nínú Àwọn Fíìmù Kúkúrú Pascal Abikanlou

Pobè ni wọ́n ti bí Pascal Abikanlou ní ọdún 1935, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Kétu, èyí tí ìjọba Benin òde òní ń pè ní Plateau. Iṣẹ́ fọ́tò ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó bọ́ sí ìdí sinimá. Ní 1967, ó gbé fíìmù kúkúrú kan jáde, "Ganvié, mon village". Ní 1974, ó ṣe "Sous le signe du vaudou", tí àwọn ìwé ìtàn sinimá ń pè ní fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ wa ṣe. Láàárín méjèèjì ni "Escale au Dahomey", "Premières offrandes" àti "Opération Sonader" wà. Kúkúrú ni gbogbo wọn. Àwọn òǹkọ̀wé a máa sáré kọjá lórí àwọn kúkúrú yìí kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ èyí tó gùn. Èmi yóò dúró lọ́dọ̀ wọn díẹ̀. Ìbéèrè mi kò pọ̀: èdè wo ni wọ́n ń sọ, kí ló sì fà á?

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni, kì í ṣe ti alárìíwísí fíìmù. Gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè ilẹ̀ yìí, ìyẹn Kétu, Ìjè, Ọ̀họ̀rí àti àwọn ará wọn, la mọ ohun tó ń dùn wá. Tí a bá fẹ́ mọ bí àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò fi àkọtọ́ Faransé kọ la máa ń bá, tí kò ní àmì ohùn, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín o àti ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Pobè kan wà tí ó gbé kámẹ́rà dání ní àwọn ọdún yẹn gan-an. Ènìyàn á rò pé ibẹ̀ ni ìṣúra wà.

Ìṣúra wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a ń retí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìṣe fíìmù kúkúrú nígbà náà ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn, pé òfin, owó àti ẹ̀rọ ló yà wọ́n ju ìfẹ́ ọkàn ẹni tó ń ṣe fíìmù lọ, àti pé ìyapa náà fún wa ní iṣẹ́ kan tí a lè ṣe nísinsìnyí, bí a kò bá pẹ́ jù.

Orúkọ àwọn fíìmù náà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ni ẹnu ọ̀nà. Faransé ni gbogbo wọn, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni irú Faransé tí wọ́n jẹ́. Wo "Ganvié, mon village". Orí omi Nokoué ni Ganvié wà, àwọn Tofin ló ni ín, èdè wọn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Gbè. Ọmọ Pobè kì í ṣe ọmọ Ganvié. Ta wá ni "mon" yìí ń tọ́ka sí? Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ṣàlàyé ni wọ́n fi ṣe ọmọ ìlú náà. Jean Rouch ti fi "Moi, un noir" sọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di mímọ̀ ní 1958. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ka ìwé ní Faransé láti kékeré gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. "Mon village" jẹ́ àkọlé àròkọ tí olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàgó kì í sọ pé "ìlú mi" nígbà tó bá ń júwe ibi tó ti wá; "ìlú wa" ni yóò sọ, àní bó ṣe ń sọ pé "ilé wa", tí ọmọ kan ṣoṣo sì ń sọ pé "bàbá wa". Ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́ wa pé ẹnì kan lè ní ìlú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà ni ibi tí ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Nàgó lẹ́nu rẹ̀ ti ń gbé "signal" kọ́ ọrùn títí tí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún.

"Escale au Dahomey" tún jìnnà sí wa ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ èbúté ọkọ̀ ojú omi àti pápákọ̀ òfuurufú ni "escale": ẹni tó ń kọjá lọ, tó dúró díẹ̀, tí yóò tún gbéra. Onílé kì í ṣe "escale" nínú ilé rẹ̀. Ojú àlejò ni orúkọ náà fi ń wo ilẹ̀.

Ní ti "Premières offrandes", ó jẹ́ èyí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀-ọ̀rọ̀ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ni "offrande" lédè wa? Ẹbọ ni? Ètùtù ni? Ìpèsè? Àdìmú? Ọrẹ? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tí a ń ṣe é fún, ìdí tí a fi ń ṣe é àti ohun tí a fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ Faransé kan gbé gbogbo wọn mì, ó sì mú òórùn ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú. Bákan náà ni "vaudou" tó wà nínú orúkọ fíìmù gígùn náà. Inú àwọn èdè Gbè ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá kí Faransé tó mú un. Òrìṣà ni a ń pè é ní Pobè àti ní Kétu. Mi ò fi èyí bá Abikanlou wí. Ẹni tó fẹ́ kí fíìmù rẹ̀ kúrò ní Kútọnu dé Paris mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀nà fi gba Paris kọjá? Òfin ló kọ́kọ́ là á. Ní 1934, Pierre Laval, tó jẹ́ mínísítà ìjọba àmúnisìn ilẹ̀ Faransé, fọwọ́ sí àṣẹ kan pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gómìnà, kí gómìnà sì mọ ohun tó fẹ́ yà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohùn wà nínú àṣẹ náà. Abajọ tí Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1925, tó sì lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní IDHEC, fi jẹ́ pé etí odò Seine ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe "Afrique-sur-Seine" ní 1955. Fíìmù nípa àwọn ará Áfíríkà ni, ìlú Paris ló wà, ohùn Faransé ló ń ṣàlàyé rẹ̀.

Òmìnira dé ní 1960, àṣẹ Laval kò lágbára mọ́. Owó wá rọ́pò òfin. Láti 1963, ilé-iṣẹ́ ìjọba Faransé tí wọ́n ń pè ní Coopération ní ọ́fíìsì sinimá kan, tí Jean-René Débrix ń darí. Ọ́fíìsì yìí ló ran ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn aláfíìmù lọ́wọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ti ṣàkóso: ó ń ra ẹ̀tọ́ fíìmù, ó ń pèsè fọ́nrán, ó ń yá wọn ní ibi tí wọ́n ti lè gé fíìmù kí wọ́n sì tò ó. Oore ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìwé tí ènìyàn yóò kọ sí wọn, Faransé ni. Ẹni tí yóò ka ìtàn fíìmù náà kó tó di fíìmù, Faransé nìkan ló gbọ́. Ousmane Sembène ti Senegal ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nínú "Borom Sarret" tí ó ṣe ní 1963, ọkùnrin tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Dakar ń fi Faransé ronú. Nígbà tó di 1968, tí Sembène fẹ́ kí àwọn ènìyàn inú "Mandabi" sọ Wolof, ẹ̀dà méjì ni ó yà, ọ̀kan ní Wolof, ọ̀kan ní Faransé. Ìlọ́po méjì iṣẹ́ nìyẹn kí ènìyàn tó lè sọ èdè ìyá rẹ̀. Ta ló lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí fíìmù tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ?

Ẹ̀rọ ló wá kù, níbí ni mo sì rò pé àwa onímọ̀ èdè kì í wò dáadáa. Àwọn kámẹ́rà mìlímítà 16 tí ó rọrùn láti rà nígbà náà, irú Bolex, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wé okùn irin inú wọn bí ẹni ń wé aago. Bí a bá wé e tán, kò lè ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28 lọ kó tó dúró. Fọ́nrán mítà 30 kan kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kámẹ́rà náà ń dún kíkankíkan, kò sì gba ohùn. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ṣeé gbé rìn, tó sì lè bá kámẹ́rà rìn pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà, wà lóòótọ́: Nagra ni, tí Stefan Kudelski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ṣe ní Switzerland. (Nínú èdè Pólándì, "nagra" túmọ̀ sí "yóò gbà á sílẹ̀", ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ̀rọ náà fi jẹ́ orúkọ.) Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọwọ́ ayàwòrán aládàáni.

Ẹ wá gbé ìṣẹ́jú-àáyá 28 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ìkíni àgbà méjì tó pàdé ní ọ̀nà oko lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkì ilé kan kò lè wọ inú rẹ̀. Ohun tó lè wọ inú rẹ̀ ni ìṣe ọwọ́: kí obìnrin gún nǹkan nínú odó, kí apẹja ju àwọ̀n, kí ọmọdé rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni fíìmù kúkúrú ìgbà náà fi máa ń jẹ́ àkójọ ìṣe ọwọ́ tí ohùn alálàyé kan so pọ̀. Alálàyé yìí kò sí nínú àwòrán. Inú yàrá ló wà, ìwé ló ń kà, Faransé ni ìwé náà. Orin àti ìlù tí wọ́n gbà lọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ ohùn rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa gbọ́ gbólóhùn kan láti inú orin kí alálàyé tó bò ó mọ́lẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju ohunkóhun lọ. Àwọn Kétu gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Babatunde Lawal kọ odindi ìwé lé eré náà lórí ní 1996. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ó sì wọ inú ìwé àkójọ wọn ní 2008, Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Apá méjì ni eré yìí ní. Ní òru ni ẹ̀fẹ̀ ń jáde: ẹ̀fẹ̀ ń súre, ó ń bú, ó ń fi ìjọba àti ọ̀lẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dárúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ní ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀fẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn tó gbé ère lórí ń jó. Fíìmù aláwọ̀ ìgbà náà ń fẹ́ oòrùn gidi kó tó lè rí nǹkan. Òru Kétu, tí kò sí iná mànàmáná, kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀sán ni kámẹ́rà ń dé. Ìdajì tó jẹ́ ijó àti aṣọ wọ inú àwòrán, ìdajì tó jẹ́ èdè sì wà lóde. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè bá wá ń sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ "ijó àwọn agbérelórí", kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Ohun tí fọ́nrán lè rí ni wọ́n ń sọ.

Ó yẹ kí n fi ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnubodè wé e. Àdéhùn 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló la ilẹ̀ yìí sí méjì. Ní apá Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ló gbé Yorùbá wọ sinimá. Wọ́n ti ní òǹwòran tó ń san owó láti gbọ́ èdè náà kó tó di pé wọ́n rí kámẹ́rà. Nígbà tí Ola Balogun ṣe "Àjàní Ògún" ní 1976, àwọn òṣèré tó kó jọ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ Yorùbá lórí ìtàgé. Hubert Ogunde tẹ̀lé e pẹ̀lú "Aiyé" ní 1979. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1976 yẹn náà ni Richard de Medeiros gbé "Le nouveau venu" jáde. Orúkọ Faransé, bí ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀bùn. Òǹwòran tó wọ tíátà ní Ìbàdàn ló ń sanwó fíìmù Yorùbá. Ọ́fíìsì kan ní Paris ló ń sanwó tiwa. Ẹni tó ń sanwó ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Àbájáde rẹ̀ dé orí èdè lónìí. Ìran tèmi dàgbà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì àti síìdì láti òkè ẹnubodè. Yorùbá tí a gbọ́ lójú amóhùnmáwòrán, ti Èkó àti Ìbàdàn ni. Faransé la gbọ́ nínú ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wa. Kò sí ibì kankan tí ọmọ Pobè ti lè rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà rẹ̀ nínú fíìmù. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó gbà tọkàntọkàn pé èdè ilé àwọn jẹ́ "Yorùbá tó bàjẹ́". Nígbà tí François Okioh wá pe fíìmù rẹ̀ ní "Ironu" ní 1985, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò túmọ̀, èmi rò pé ohun tó ju orúkọ lọ ló ṣẹlẹ̀. Ọdún 18 ni ó wà láàárín rẹ̀ àti "Ganvié, mon village".

Mo fẹ́ padà sí fíìmù kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí: "Opération Sonader". SONADER ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójútó ìdàgbàsókè oko ní Dàhọ̀mì. Òfin 1961 fún ìjọba láǹfààní láti kó ilẹ̀ àwọn onílé pọ̀, kí wọ́n gbin ọ̀pẹ àyànfẹ́ sí i ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yálà gbogbo onílẹ̀ fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ní Pobè, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kì í ṣe tuntun. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922. Ọ̀pẹ mìíràn mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Lábẹ́ ọ̀pẹ àtijọ́, onílẹ̀ ní igbà tó fi ń gùn, ó mọ ìdì ẹyìn tó pọ́n láti ìsàlẹ̀, ó ń ké màrìwò, ó ń dá ẹmu; obìnrin ń ya ìhá kúrò lára ẹ̀kùrọ́, ó ń pa eésan, ó ń yọ àdín. Ọ̀pẹ tuntun tó kúrú ni wọ́n ń fi irin gé láti ilẹ̀. Igbà di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń fún epo, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń ka "tonne", "régime", "part". Fíìmù tí wọ́n fi orúkọ SONADER pè jẹ́ ẹ̀rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjì yìí pàdé. Ohùn Faransé ló sì jẹ́rìí sí i.

Ibí ni iṣẹ́ tí mo sọ wà. Nítorí pé ohùn kò sí lára àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, a lè pa ohùn alálàyé láì ṣe àwòrán ní ibi, kí a sì gbé fíìmù náà síwájú àwọn tó bá ìgbà náà láyé. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí àwa máa gbà á sílẹ̀. Ẹni tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé "kí ni ẹ ń pe èyí?" pẹ̀lú àwòrán bébà máa ń fún wa ní orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí òun náà ti ṣe rí yóò sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, pé ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, pé ìyá òun a máa sọ báyìí-báyìí tó bá ń ṣe é. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò sọ, pẹ̀lú gbólóhùn àṣẹ, ìbéèrè àti ìbáwí. Ohun tí àkójọ ọ̀rọ̀ wa kò ní nìyẹn.

Mo dábàá pé kí a má kó àwọn tó ń wò ó pọ̀ sí ibì kan. Ìwé Faransé ń pe gbogbo wa ní "nago", ó sì kọ Ọ̀họ̀rí ní "Holli". Hounkpati Capo, nígbà tó dábàá "Defoid" ní 1989, tún gbé gbogbo wa sínú àgbò kan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ béèrè fún un. Iṣẹ́ yìí béèrè fún òdìkejì: kí àwọn Ìjè wo tiwọn ní Pobè, kí àwọn Ọ̀họ̀rí wo tiwọn, kí Kétu wo tirẹ̀, láìgbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ti sọ. Kí obìnrin wo ọ̀tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin níbi tí iṣẹ́ obìnrin bá wà nínú àwòrán. Kí a sì ṣe èyí pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìdílé àwọn tó ni fíìmù, kí orúkọ Abikanlou wà ní iwájú gbogbo ẹ̀dà. Ohùn Faransé náà kò gbọ́dọ̀ sọnù. Fáìlì tirẹ̀ ni kó wà lọ́tọ̀, nítorí òun náà jẹ́ àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa wa.

Àsìkò ló ń lé wa. Fọ́nrán mìlímítà 16 tí wọ́n fi asítéètì ṣe máa ń bàjẹ́ láti inú, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa sì ń mú un yá. Àmì àkọ́kọ́ ni òórùn ọtí kíkan nígbà tí a bá ṣí agolo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò súnkì tí kò ní lè wọ inú ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí "Ganvié, mon village" jáde ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí. Nínú ọgbọ́n orí iṣẹ́ wa, àwọn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ bá, kí a tó kọ̀wé béèrè owó ohun èlò. Kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀, fún ẹ̀dà yòówù tí ọwọ́ bá tẹ̀.